Ẹ́ńjìnnì Perkins inú ọkọ̀ omi ti gbó: ká tún un ṣe ni àbí ká ra tòkunbọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọkọ̀ omi onípákó ni mo ní, ẹrù la fi ń kó láti Ìgbókòdá lọ sáwọn abúlé Ìlàjẹ tó wà létí òkun. Ẹ́ńjìnnì dísù Perkins 4.236 ló wà nínú ẹ̀ látìgbà tí bàbá mi ti rà á. Ní báyìí, láàárọ̀ ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, èéfín funfun á bo gbogbo ibẹ̀, tó bá gbóná tán èéfín á di búlúù, ó sì ń mu ọ́ìlì gan-an. Mẹkáníìkì wa ní kí n lọ ra písítìn, rínǹgì àti sílíífù, òun á tú u palẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n ra tòkunbọ̀. Àwọn kan tún ní sípíà katakata wọ̀ ọ́. Èwo ni kí n ṣe? (Ọmọ Ìlàjẹ, Ìgbókòdá)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu omi. Ẹ jẹ́ n ti orí katakata bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò owó yín wà. Òótọ́ lohun tí wọ́n sọ. Perkins ti Peterborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé 4.236 jáde lọ́dún 1964, sílíńdà mẹ́rin, 3.86 lítà, òun náà sì ni wọ́n gbé sínú katakata Massey Ferguson bíi 265, ìdí nìyẹn tí písítìn, rínǹgì, sílíífù, bẹ́rìn àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ṣì wà lọ́jà, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sípíà katakata ẹ máa rí i. Kí ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà tó wà lára blọ́ọ̀kì dání, torí wọ́n ti ń yí nǹkan padà nínú ẹ̀ bọ́dún ṣe ń lọ, písítìn méjì lè jọra lójú kí ọ̀kan má bá tiyín mu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe písítìn ló máa pinnu bóyá ẹ́ńjìnnì yìí yẹ ní títúnṣe o. Àwọn nǹkan tí katakata ò ní ni: manifold (irin tó ń kó èéfín jọ láti inú sílíńdà) tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, heat exchanger (ibi tí omi ìta ti ń tu omi inú ẹ́ńjìnnì), pọ́ǹpù tó ń fa omi láti ìta, àti ọrùn ẹ́sọ́ọ̀sì níbi tí omi àti èéfín ti ń pàdé. Onísípíà katakata ò ní wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè òkun lẹ máa ti bèèrè, owó wọn sì lè ju ti gbogbo písítìn àti bẹ́rìn lọ. Omi iyọ̀ kì í fi irin sílẹ̀. Ọrùn ẹ́sọ́ọ̀sì ló burú jù lójú tèmi, torí inú ló ti máa ń jẹrà, ẹ lè má rí nǹkan kan níta, ọjọ́ tó bá wá lu, ẹ máa pa ẹ́ńjìnnì tán lálẹ́, omi iyọ̀ á rọra gbabẹ̀ padà sínú sílíńdà, á sì ba rínǹgì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó kó gbogbo owó lé inú ẹ́ńjìnnì lórí, tó wá da ọrùn tó ti jẹrà padà síbẹ̀ torí owó ti tán.

Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ omi yẹn wò ná kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí písítìn. Kí wọ́n yọ àwọn páìpù inú heat exchanger, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò. Ẹ wo irin síǹkì (zinc) kékeré tó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn, òun ló yẹ kí iyọ̀ máa jẹ, tó bá ti tán tẹ́nì kan ò pààrọ̀ ẹ̀, páìpù ló kàn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí èéfín. Funfun láàárọ̀ lè jẹ́ pé nọ́sù, èyí tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, ń da epo, kò fọ́n ọn, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ti lọ sílẹ̀. Búlúù pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń tán, rínǹgì ni tàbí gáìdì fáàfù. Ẹ kó nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún tẹ́ẹ̀sì, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kí mẹkáníìkì sì fi géèjì wọn sílíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá fi bíi 50 psi kéré sí àwọn tó kù, títú ti yá nìyẹn. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí oil cooler (ohun tó ń tu ọ́ìlì) ni kẹ́ ẹ fura sí.

Mẹkáníìkì yín ò purọ́, àsìkò ríra nǹkan ni ò tíì tó. Bẹ́rìn kránkì ní sáìsì, standard, 010, 020, 030, bí wọ́n ṣe ti ha kránkì tó ni nọ́ńbà ṣe ń ga sí i, tọ́ọ̀nà (ẹni tó ń ha irin) ló máa wọn kránkì kó sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, ẹni tó bá ti rà á sílẹ̀ lè má rí ọlọ́jà tó máa gbà á padà. Tí kránkì bá ti dé 030 tó tún ti jẹ, tàbí tí blọ́ọ̀kì ti sán, ẹ wá òmíì.

Ní ti tòkunbọ̀, tó bá jẹ́ ti katakata, manifold àti heat exchanger yín tó ti jẹrà náà lẹ ṣì máa yọ sí i lára. Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ omi, ẹ ò mọ iye ọdún tó ti ń mu omi iyọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, tí kránkì àti blọ́ọ̀kì bá ṣì dáa, màá tún tiyín ṣe, ẹ̀gbẹ́ omi ni màá kọ́kọ́ náwó sí.

Ẹ má sì gbàgbé owó tí wọn kì í kà: gbígbé e jáde, títẹ́jú tọ́ọ̀pù sílíńdà, pọ́ǹpù epo tí omi inú dísù máa ń bà jẹ́, àti títo ẹ́ńjìnnì kó bá ṣáàfù pùròpẹ́là mu. Kí wọ́n má fojú wọn èyí o, kí wọ́n fi géèjì wọn kọ́pílìn (ibi tí ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ ṣáàfù) yíká nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí omi, torí ọkọ̀ pákó máa ń yí díẹ̀ tó bá ti kúrò nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì wa ṣe. Wọ́n ní ká jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí rínǹgì lè jókòó. Ṣé ó dáa? (Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o, màá. Agbára iná inú sílíńdà ló ń ti rínǹgì mọ́ ara sílíífù, tí kò bá sí iṣẹ́ kò sí agbára, ọ́ìlì á kàn dán mọ́ ara ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun á sì máa mu ọ́ìlì. Ẹ gbé ẹrù níwọ̀nba, ẹ máa yí spíìdì padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ dópin, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà láàárín wákàtí 25 sí 50. Tó bá kọ̀ tí ò dáhùn, tẹ́ ẹ ń tan án léraléra, ẹ ti fáàfù omi ìta pa ná, torí pọ́ǹpù ń fa omi wọlé nígbà tí kò sí èéfín tó máa tì í jáde, á kún sáléńsà, á sì wọ sílíńdà. Gbàrà tó bá ti dáhùn, ẹ ṣí i.