"Inṣá Allah": ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Áfáà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́. Lárúbáwá kan ní Dùbáì ni mo ń ra léèsì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ohunkóhun tí mo bá bi í, "inshallah" ló fi ń dá mi lóhùn. Ṣé ẹrù mi ń bọ̀ àbí kò bọ̀? Ọmọ ìjọ sì ni mí: ṣé èmi náà lè sọ ọ́ fún un? – Ìyá Télọ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: "in" ni "bí", "ṣáa" ni "fẹ́", Allah sì ni Ọlọ́run. Bí Ọlọ́run bá fẹ́. Àlùkùránì ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nínú Súrà Kahfi, ẹsẹ 23 àti 24, pé kí èèyàn má ṣe sọ pé òun á ṣe nǹkan lọ́la láìfi ti Ọlọ́run sí i. Ohun tí ń bọ̀ nìkan là ń sọ ọ́ sí. Bí ẹrù bá ti dé, "alhamdulillahi" ló kàn. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá wù, "máṣá Allah" ló máa sọ.

Lẹ́nu olódodo, ìlérí tó wúwo ni "inshallah", torí ó ti dárúkọ Ọlọ́run sí i. Ó dùn mí gan-an pé àwọn kan ti fi ṣe ibi ìsápamọ́. Bàbá tí kò fẹ́ ra bàtà, tí kò sì fẹ́ kí ọmọ sunkún, á ní "inshallah". Ọmọ náà á ti mọ̀ pé bàtà ò sí. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó.

Ti ìjọ yín kò le. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Íjíbítì àti Lẹ́bánónì ń sọ ọ́ láràárọ̀. Allah náà ni Bíbélì èdè Lárúbáwá ń pe Ọlọ́run. Ẹ ka Jákọ́bù 4:15, ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Ojalá" tí àwọn ará Sípéènì ń sọ, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà Lárúbáwá lẹ fẹ́ fi kọ ọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí: إن شاء الله. Bí ẹ bá so méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ó di "dídá nǹkan sílẹ̀", àwọn Lárúbáwá gan-an sì máa ń ṣi ibẹ̀ kọ.

Ní ti léèsì yín, bí oníbàárà ṣe ń bi yín lọ́jọ́ tí aṣọ á jáde ni kí ẹ bi òun náà: "Matā?" Ìyẹn ni "ìgbà wo?" Bó bá ní "bukra inshallah", ọ̀la ló dá yẹn. Kó ya fọ́tò ẹrù náà ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.