“Take”: mú ni, gbé ni, kó ni, àbí gbà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a máa tú wò lóṣù yìí ni “take”. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n pè, síbẹ̀ ó ń da àgbà láàmú, lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa sì fi hàn bẹ́ẹ̀. A ti gé àwọn ìbéèrè náà kúrú kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé atúmọ̀ èdè tó wà nílé wa ní “take” ni “mú”. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi “mú” túmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé ọmọ mi, kì í bára mu. Kí ni “take” gan-an? (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Ìwé yẹn ò purọ́, kò kàn sọ̀rọ̀ tán ni. Àwa Yorùbá máa ń wo ohun tí ọwọ́ fẹ́ kàn kí a tó yan ọ̀rọ̀. Bíírò tó wà lórí tábìlì, ẹ máa mú un. Àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ máa gbé e. Aṣọ tó ti gbẹ lórí okùn, ẹ máa kó o wọlé, torí ó ju ẹyọ kan lọ. Ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, ẹ máa gbà á, torí ọwọ́ ẹlòmíì ló ti ń bọ̀. Omi inú àmù, ẹ máa bù ú. Gẹ̀ẹ́sì ò bìkítà fún bí nǹkan ṣe tóbi tó, tàbí iye tó jẹ́, tàbí ibi tó ti wá. Gbogbo rẹ̀ pátá, “take” ni.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ láti orí “take”. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. “Take a seat”, ẹ jókòó. “Take an oath”, búra. “Take a bus”, wọ bọ́ọ̀sì. “Take notes”, máa kọ ọ́ sílẹ̀. “Take part”, kópa. “Take an exam”, ṣe ìdánwò. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ru ẹrù ìtumọ̀, “take” kàn tì í lẹ́yìn ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì, bí ẹni ń kọ́ orúkọ pẹ̀lú oríkì.

Ibì kan wà tí “take” àti Yorùbá ti jọ ń rìn, ìyẹn ni “gbà”. Ó gba wákàtí méjì: “It takes two hours.” Ó gba sùúrù: “It takes patience.” Bọ́ọ̀sì yìí ń gba èrò 14: “This bus takes 14 passengers.” Ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn: “He took the blame.” Bí mo bá ń kọ́ ọmọ nílé, ibí ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi “mú”. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ ṣọ́: ẹni tí àkókò náà kàn máa ń wà láàárín “take” àti àkókò. “It took me two hours to cook the beans.”

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgò oògùn kan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n kọ “Not to be taken” sí i lára. Ṣé pé a ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde nílé ni? (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, kí ẹ sì kà á fún gbogbo ará ilé. Bí “take” bá ti wà lára oògùn, kí oògùn gba ẹnu wọ inú ló ń wí. “Not to be taken” túmọ̀ sí pé oògùn náà kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rárá: wọn kì í mu ún, wọn kì í gbé e mì, wọn kì í tọ́ ọ wò. Èyí tí wọ́n ń fi para tàbí tí wọ́n ń fi nu ojú egbò ni irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá rí “For external use only”, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó, ẹ má sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ikọ́.

Bí a ṣe wà lórí rẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn mélòó kan tó máa ń wà lára páálí oògùn. “Take two tablets three times a day”: méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Mẹ́fà ló máa jẹ́ lójúmọ́, kì í ṣe méjì tí ẹ máa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. “Every eight hours” le ju ìyẹn lọ, aago ló ń tẹ̀ lé: bí ẹ bá lo ti àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìkejì di aago méjì ọ̀sán, ìkẹta di aago mẹ́wàá alẹ́. “Take on an empty stomach”: kí inú ṣófo, wákàtí kan kí ẹ tó jẹun tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. “Take with food”: lò ó bí ẹ ṣe ń jẹun tàbí kété tí ẹ bá jẹun tán.

Lára parasitámọ́ọ̀lù oní-500 mg fún àgbàlagbà, ẹ máa rí i pé kò gbọ́dọ̀ ju 8 lọ “in 24 hours”. Wákàtí 24 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ lò lálẹ́ àná ṣì wà nínú ìṣirò títí alẹ́ yóò fi tún lé.

Yorùbá ń sọ pé “mo ti mu oògùn mi”, àwọn kan sì ń tú u sí “I have drunk my drugs”. “I have taken my medicine” ni kí ẹ sọ, pàápàá lókè òkun. “I take drugs” létí ará Bìrìtìkó tàbí ará Amẹ́ríkà, igbó àti kokéènì ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ fa igi pupa sí “Carry me to the market, Daddy” nínú ìwé ọmọ mi. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ sì bá wa ya “take” kúrò lára “bring”. (Bàbá kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: “Gbé mi lọ sọ́jà” ló wà lọ́kàn ọmọ náà, ó sì sọ “gbé” di “carry”. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé, “carry me” ni kí ẹ gbé e lé èjìká tàbí kí ẹ pọ̀n ọ́n dé ọjà. Bí mọ́tò lẹ fẹ́ wọ̀, tàbí ẹ fẹ́ jọ fẹsẹ̀ rìn, “take me to the market” ni.

Ní ti “bring”, Yorùbá ti yanjú rẹ̀ fún wa tipẹ́. “Mú un wá” ni “bring it”. “Mú un lọ” ni “take it”. Ìyá tó wà nídìí ìkòkò á ní “Bring your plate.” Bí ó bá ti bu oúnjẹ tán, á ní “Take this to your grandmother.” Ibi tó ti ń rújú ni orí fóònù. Ẹ ń lọ sílé ọ̀rẹ́ yín, ẹ fẹ́ bi í bóyá kí ẹ ra búrẹ́dì. Òótọ́ ni pé ẹ ń lọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni búrẹ́dì ń bọ̀: “Shall I bring some bread?” Ẹ gbọ́ bí ẹ̀yin náà ṣe máa sọ ọ́: “Ṣé kí n ra búrẹ́dì dání bọ̀?” Níbikíbi tí “wá” tàbí “bọ̀” bá ti jáde lẹ́nu yín, “bring” ni.

Ìbéèrè: Mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ pé “My wife has taken in.” Ó bi mí pé ta ni ìyàwó mi mú wọlé. (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ní Nàìjíríà, “take in” ni pé obìnrin ti fẹ́ra kù, kò sì sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ yé. Ní Bìrìtìkó, “take someone in” ni kí èèyàn gba ẹlòmíì sílé kó máa gbé, ìdí nìyẹn tó fi béèrè. “I was taken in” tún burú sí i: wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni. “She is pregnant” tàbí “She is expecting” ni kí ẹ máa lò níbẹ̀.

Irú rẹ̀ kan tún ni “take time”. Létí wa, “Take time o!” ìkìlọ̀ ni, ṣọ́ra rẹ. “Take your time” ti òyìnbó, ẹ má kánjú ni.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni “took”, ìgbà wo ni “taken”? Kí ló dé tí kì í ṣe “taked”? (Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra WAEC, Ìlọrin)

Ìdáhùn: “Took” lè dá dúró: “I took the bus yesterday.” “Taken” máa ń fẹ́ alátìlẹ́yìn, “have”, “has”, “had”, tàbí “is”, “was”, “been”: “I have taken the bus”, “This seat is taken.” “I have took” kò sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni “Did you took it?” “Did” ti gbé àná dání, kò yẹ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tún gbé e. “Did you take it?” “I didn't take it.” Tí “will”, “can”, “must” tàbí “to” bá ṣíwájú, “take” náà ni. Bí o bá fẹ́ fi “ing” kún un, yọ “e” kúrò: “taking”. “Took” sì kúrú lẹ́nu, ó bá “book” dún.

Ìdí tó fi ń ṣòro fún wa ni pé “mú” kì í para dà: mo mú, mo ti mú, màá mú. Ní ti “taked”, àlejò ni “take” nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Skandinéfíà tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sẹ́ńtúrì kẹsàn-án ló mú “taka” wá, wọ́n sì mú “tók” ti àná rẹ̀ dání. “Niman” ni Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń lò tẹ́lẹ̀. Jámánì ṣì ń sọ ọmọ ìyá rẹ̀, “nehmen”. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú “numb”, ẹ̀yà ara tó kú tipiri, bíi pé wọ́n ti mú ìmọ̀lára inú rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Mo kọ “I took knife to cut the yam”, wọ́n gba máàkì lọ́wọ́ mi. (Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: “Mo fi ọ̀bẹ gé iṣu” lo tú. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “fi”, “with” ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: “I cut the yam with a knife.” Má gbàgbé “a” yẹn. Nínú Písín, “I take knife cut am” tọ̀nà, torí níbẹ̀ “take” ni “fi”. Ibẹ̀ náà ni “How you take know?” ti wá, nínú ìdánwò, “How did you know?” ni.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí. Oníbàárà kan láti Amẹ́ríkà wọ ẹ̀wù tí mo rán wò, ó ní “Take it in two inches at the waist and take up the hem.” N kò fẹ́ gé e jù. (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì. “Take in” ni kí ẹ dín in, “take up” ni kí ẹ gbé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè kó kúrú. Ínṣì 2 yẹn, àròpọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máa gba ínṣì 1, ẹ̀gbẹ́ òsì máa gba ínṣì 1. Torí aṣọ iwájú àti tẹ̀yìn ti lé ara wọn, ojú ìran tuntun máa fi ìdajì ínṣì péré wọnú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ nà án ná, kó wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ tó gé ohunkóhun. Bí ó bá padà ní “let it out”, ẹ tú u kó fẹ̀ sí i ni.

Ẹ wo ibi tí “it” wà: “take it in”, kì í ṣe “take in it”. “Take the dress in” dára, “take in the dress” dára, ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ wà láàárín. Bákan náà ni “take it off”, bọ́ ọ. “Take after” ni kò gba àárín: “She takes after him”, ó jọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé “I want to take passport” tọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò? (Agége)

Ìdáhùn: Nílé, wọ́n á yé yín. Lókè òkun, “passport” ni ìwé ìrìnnà, ẹni tó di kámẹ́rà mú ló sì ń “take a photo”. Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ yà á sọ pé “I need to have a passport photo taken.” Ẹ lè fi àpẹẹrẹ yìí sọ ohunkóhun tí ẹlòmíì bá ń bá yín ṣe: “I had my blood taken”, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ní “I'm going to take your blood pressure”, apá ni kí ẹ nà sí i. Kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ó fẹ́ wọn ìfúnpá ni.