Eélòó gan-an ni oògùn kòkòrò ń ná wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀yìn Iléṣà ni oko kòkó bàbá mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ń fín oògùn kòkòrò lọ́dún. Bí wọ́n bá ti fín in tán, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń dùbúlẹ̀: orí á máa fọ́ wọn, ojú á máa ṣe wọ́n bàìbàì. Mo ní kí wọ́n dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ń rí owó tí kòkó ń mú wá, àwọn ò rí èyí tí àlàáfíà ń mú wá. Báwo ni mo ṣe lè ṣírò rẹ̀ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Kí n tó fọwọ́ kan ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí ná: orí fífọ́ àti ojú bàìbàì lẹ́yìn ìfínkòkó kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò ni kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi. Òógùn á bo èèyàn, itọ́ á máa dà, ọmọlójú á sún kì. Kí wọ́n lọ rí dókítà, ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà kò kúkú jìnnà sí yín. Kí wọ́n wé ike oògùn náà sínú ọ̀rá dání, torí orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni dókítà máa fi mọ ìtọ́jú tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ kì í ṣe ti olóríkunkun. Àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó náà ń gbà jáde, òun ni wọn ò fi rí i. Owó oògùn ń jáde lápò oko, owó kẹ́mísì ń jáde lápò ilé. Èrè ọjọ́ tí ìyá ò lọ sọ́jà Àtàkúnmọ̀sà kò tilẹ̀ jáde lápò kankan, kò kàn wọlé ni. Iṣẹ́ àwa tí à ń ṣírò ọrọ̀ oko ni láti kó gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ wá fi ti yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní oògùn, epo bẹntiróòlù inú ẹ̀rọ àti owó ọmọ tó ń pọnmi jẹ́ ₦30,000 lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ méjì tí bàbá fi dùbúlẹ̀, bí lébìrà bá ń gba ₦6,000 lójúmọ́, ₦12,000 nìyẹn. Oògùn láti kẹ́mísì, ₦3,500. Ọ̀kadà lọ bọ̀, ₦1,500. Èrè ọjọ́ kan tí ìyá pàdánù nítorí pé wọ́n jókòó tì wọ́n, ₦4,000. Àìsàn nìkan ti di ₦21,000. Ìfín kan tí bàbá ń pè ní ₦30,000, ₦51,000 ni.

Bí ẹ bá yọ mẹ́ta kúrò, ₦153,000 ló dúró sílé. Ẹ má tíì yọ̀. Oògùn tí a dín kù ń fẹ́ ọwọ́ tó máa rọ́pò rẹ̀: kí wọ́n gé èéhù àti ẹ̀ka tó kún jù, kí wọ́n máa wo igi káàkiri, kí wọ́n fín in kìkì níbi tí kòkòrò bá ti hàn. Ẹ ka lébìrà ọjọ́ mẹ́wàá sí i, ₦60,000. Ó ku ₦93,000. Ẹ wá pín in sí iye tí wọ́n ń ra kílò kòkó kan lọ́dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ₦6,000, kílò 15 àbọ̀ ni, bí ìdámẹ́rin àpò. Bí kòkó tí kòkòrò bà jẹ́ nítorí ìdínkù náà kò bá tó ìyẹn, bàbá ti jèrè. Bó bá jù ú lọ, ẹ sọ fún wọn láìfi bò, nítorí a ò tíì ka nǹkan tán.

Mo dúró létí odò kan rí lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń fọ ẹ̀rọ ìfínkòkó. Omi tó dà jáde funfun bí omidùn. Kò pẹ́ tí akàn kékeré kan fi rá jáde lábẹ́ òkúta, ó yí ẹ̀yìn délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nísàlẹ̀ odò yẹn kan náà, obìnrin kan ń ki kèrègbè bọmi. Mo sáré lọ bá a.

Bí a ṣe ń díye lé irú èyí ni pé a ó béèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ná láti fi sá fún un. Bí wọ́n bá ń ra omi inú ọ̀rá torí pé wọn ò fọkàn tán odò mọ́, owó omi náà wà lára owó oògùn. Ẹja àti ìgbín tí wọn ò rí mú mọ́, ẹ fi iye ọjà ṣírò wọn.

Oko fúnra rẹ̀ náà ń san tirẹ̀. Kòkòrò tíntìntín kan tó dà bí kantíkantí ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kòkó kan dé òmíràn, inú ewé àti èèpo kòkó tó ń jẹrà lábẹ́ igi ló sì ń bímọ sí. Oògùn tó ń pa kòkòrò tó ń fa omi ọmọ kòkó mu kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bí ó bá pa á, òdòdó á já dànù láìso, bàbá á sì ní oògùn kò tó.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jà lé lórí: bí ẹ ò bá mọ iye nǹkan, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má kọ òdo síbẹ̀. Òdo ni àwọn bàbá wa kọ fún Gamalin 20, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó láyé ìjọ́un. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane kún àwọn májèlé inú àdéhùn Stockholm, àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí májèlé tí kì í tètè kúrò nílẹ̀. Ní 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ti fín in fún ogún ọdún ti san owó tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Bí bàbá bá gbà, ẹ wo àwọ̀ ìlà ìsàlẹ̀ ìwé ara ike kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ. Pupa ló le jù, ìyeyè ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kí ó tó kan àwọ̀ ewé. Kí ẹ tún wo inú àká: bí paraquat bá ṣì wà níbẹ̀ fún koríko, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, kò sì sí oògùn kankan tó ń pa oró rẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé e mu.

Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sára ògiri lóko. Ọjọ́ tí bàbá bá fín oògùn, kí àwọn fúnra wọn sàmì sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n sàmì sí ìyẹn náà. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ gbé bírò fún wọn, kí wọ́n rò ó pọ̀ fúnra wọn.