Ẹ má tíì gbé gàárì lé ẹṣin yẹn

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín pé ẹṣin ìdíje yín ní Àbújá já wọ yàrá oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé ó jẹ ọkà bàbà títí inú fi run ún, pé dókítà ẹran ti ní ara rẹ̀ ti yá, àti pé ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sẹ́nu eré sísá kí ìdíje ọdún Iléyá tó dé. Ẹ wá fi kún un, bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé ó ń tẹ ẹsẹ̀ iwájú jẹ́jẹ́. Gbólóhùn kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Tèmi ti ṣáájú tiyín ṣubú, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Kàdúná.

Akọ ẹṣin pupa ni tèmi, ọmọ ọdún méje, Kánò ni mo ti rà á. Ní òru kan nígbà ọyẹ́, ọmọ tí ń tọ́jú rẹ̀ gbàgbé láti fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ibi tí a ń kó ọkà sí, nígbà tí ilẹ̀ sì fi mọ́, ẹṣin ti jẹ ju garawa kan lọ. Ó ń wo ìhà ara rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ halẹ̀, ó ń làágùn nínú òtútù. Dókítà dé, ó ti ọ̀pá rọ́bà gba imú rẹ̀ wọ ikùn, ó rọ òróró páráfíìnì sí i, nítorí pé ẹṣin kì í bì, ohun tí ó bá ti gbé mì kò ní ọ̀nà àbọ̀. Ó ní kí a máa mú un rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹṣin yàgbẹ́, gbogbo wa yọ̀, dókítà gba owó rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà mọ́. Kò dárúkọ ẹsẹ̀ fún wa rárá.

Ohun tí ó yẹ kí ó sọ nìyí. Bí ọkà bá pọ̀ jù nínú ìfun ńlá ẹṣin, ṣe ni yóò kan níbẹ̀, àwọn kòkòrò tí ń bá ẹṣin da oúnjẹ yóò máa kú, májèlé yóò sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so eegun mọ́ ara pátákò jẹ́. Laminitis ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í yára fara hàn. Ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹṣin jẹ àjẹjù, èyí tí í ṣe àkókò gan-an tí onílé ti ń dúpẹ́ pé ikùn ti balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá ẹṣin mi tí ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tí ó fi gbogbo ara ti ẹ̀yìn, bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó sórí àga tí kò rí. Mo pe dókítà. Orí fóònù ni ó ti dá mi lóhùn pé afẹ́fẹ́ ni ó kù nínú ikùn, kí a tún mú un rìn. Mo gbọ́ràn. Wákàtí méjì ni ọmọ náà fi fà á kiri lórí ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ bíi bíríkì, tí ẹranko náà sì ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ ẹ̀yín iná. Rírìn tí ó ran ikùn lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ń fa eegun ya kúrò lára pátákò ní ọjọ́ kẹta, èmi tí mo ni ín ni mo sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n má dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, kò sì fẹ́ dìde. Mo fọwọ́ kan pátákò rẹ̀, ó gbóná bí ìdí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Ìlù ọkàn ẹṣin tí ó sinmi kì í sábà ju 44 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí mo kà lé ní 80. Ó ń kérora bí ènìyàn. Bàbá Haúsá kan, alágbẹ̀dẹ tí ń kan bàtà ẹṣin, ni ó wá wò ó lóru, ó fi òòlù kan pátákò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹṣin gbọ̀n, bàbá sì ní ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ikùn. A ra píọ́wọ́tà dídì lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń tà á, a fọ́ ọ sínú garawa ọ̀dà, a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ nígbà náà. Ká ní láti òwúrọ̀ tí ó jẹ ọkà ni a ti ṣe é, tí a sì ń ṣe é lọ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bóyá ọ̀rọ̀ kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún tí dókítà yọjú, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ta ló ní kí ẹ mú un rìn?" Mo wojú rẹ̀ títí, n kò rí èsì fọ̀.

Ìtọ́jú tí ó tẹ̀ lé e kò le láti ṣàlàyé: yanrìn odò jíjìn nínú ilé ẹṣin, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tí a lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kóríko gbígbẹ tí a rẹ sínú omi, kò sí ọkà rárá, alágbẹ̀dẹ sì ń gé iwájú pátákò díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya àwòrán eegun kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́. Phenylbutazone, tí àwọn onílé ẹṣin ń pè ní bute, ń pa ìrora, kò tún pátákò ṣe. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń dá egbò sí ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo mọ ẹni tí ó fi í bo ìrora ẹṣin tí ó ń tiro, tí ó sì tà á fún ọmọ ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹṣin eré. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé dexamethasone, oògùn tí ń mú ara wíwú rọlẹ̀, wá fún ẹṣin tí a fura sí pátákò rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a ń kìlọ̀ pé ó lè dá àrùn yìí sílẹ̀.

Ní ti Iléyá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Pátákò ẹṣin ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 10 lóṣù, ó sì lè gba oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá kí tuntun tó ti etí awọ òkè débi ìmú pátákò nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àrùn yẹn ni, pátákò tí ó ti bàjẹ́ ni ẹ óò máa sáré lé lórí. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo dúró kí n tó jẹ́ kí wọ́n gun tèmi sáré. Ó sá ìdíje kan, ó ṣe ipò kẹrin, mo sì yọ ọ́ kúrò, nítorí pé òrùka tí àìsàn fi sí pátákò rẹ̀ kò tíì tán lójú mi.

Ní alẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ fọwọ́ kan pátákò iwájú méjèèjì, kí ẹ sì fi ìka méjì wá ìlù iṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, lápá ẹ̀yìn. Bí ó bá ń lù kìkì, ẹ má mú un jáde mọ́ rárá, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí fún mi.