Oyin mi ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì: ṣé kòkòrò ti wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń sin oyin, àpótí mẹ́fà. Èyí tí mo fún kẹ́yìn ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń rùn bí ẹmu àná. Ṣé kí n sè é ni? Ẹnì kan fẹ́ ra ìgò kan nínú rẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ìwúkàrà, kòkòrò tíntìntín tó ń mú ẹmu hó, ló ń jẹ ṣúgà inú oyin yẹn, omi ló sì fún un láyè. Oyin tó gbó, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ṣúgà rẹ̀ á máa fa omi kúrò lára kòkòrò àrùn, wọn ò ní lè pọ̀ sí i. Àmọ́ wọ́n lè wà níbẹ̀.

Ẹ wo afárá kí ẹ tó gé e. Tí ìda bá ti bo ojú ihò mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti gbó. Èyí tó ń kán tó tó tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún kòkòrò oyin. Ẹ gé apá tó ní ìdin kúrò, ẹ má fún un mọ́ ọn. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà ọ̀dọ̀ wa, oyin á sì máa fà á mu bí iyọ̀, nítorí náà ẹ dé e pa. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì ẹnì kan sí oòrùn wò rí: omi tó fi fọ̀ ọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀, ó tó ṣíbí méjì, ó sì fẹ́ da oyin lé e.

Ti ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, inú erùpẹ̀ àti eruku ló ń gbé. Tí ibì kan ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á di ara rẹ̀ bí kóró irúgbìn, á máa sùn. Ó lè sùn sínú oyin tó mọ́ jù lọ, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ̀yin ní kí ẹ sè é: ìwúkàrà á kú, èyí ò ní kú. Inú àgbàlagbà kì í jẹ́ kó jí. Inú ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 ò tíì lágbára bẹ́ẹ̀. Ó lè jí níbẹ̀, kó máa tu májèlé. Ọmọ náà ò ní lè yàgbẹ́, ẹkún rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kò ní lè fa ọmú dáadáa, ọrùn rẹ̀ á rọ̀. Ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fún wọn ní oyin mìíràn tó dára, kí ẹ sì bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ fúnra yín: kí àwọn òbí àti àgbà tọ́ oyin wò, kí wọ́n fi wúre fún ọmọ, ṣùgbọ́n kó má kan ètè ọmọ rárá. Ẹ kọ ọ́ sára gbogbo ìgò yín pẹ̀lú: «Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan».