Bàálù tó ń gbọ̀n ń já mi láyà: báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, òjò sì ti ṣú. Bàálù náà gbọ̀n débi pé mo ń ké pe Jésù lóhùn rara, ó tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà téèyàn já sí kòtò. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò ni mò ń wọ̀. Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin fẹ́ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni mo sì máa lọ wẹ ọmọ. Kò sí mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní kí n lo oògùn oorun kí n lè sùn débẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe awakọ̀ bàálù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ọ̀pọ̀ ni ọkàn wọn máa ń balẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti mọ ohun tó ń mi bàálù, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí kòtò lójú sánmà. Afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ bàálù nígbà gbogbo. Ó kàn ń ru ni, apá kan ń gòkè, apá kan ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbòkòdá rí mọ bí ìgbì ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè tó tún ń sọ ọ́ sílẹ̀. Omi náà ló ṣì ń gbé e lọ.

Ọ̀nà tí ẹ gbà lọ́jọ́ náà gan-an wà lára ohun tó fi gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Àkúrẹ́ sí Èkó kò tó wákàtí kan. Bí bàálù bá ṣe ń gòkè tán ló ń múra àtisọ̀kalẹ̀, inú ìkúukùu àti afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ló sì ti ń lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń mú ilẹ̀ gbóná, àpáta ìhòòhò bíi ti Ìdànrè ń gbóná ju igbó tó yí i ká lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì máa ti ibẹ̀ ru sókè. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ nígbà òjò, ìkúukùu ti ga fíofío. Ẹ wá fi bàálù kékeré kún un, èyí tó ń mọ ìgbì lára ju èyí tó tóbi lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Bàálù ńlá ni, ìrìn wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni, òkè ẹsẹ̀ bàtà 30,000 ló sì ti ń lo èyí tó pọ̀ jù. Mi ò ní kò ní gbọ̀n o. Àfàìmọ̀ kó má gbọ̀n díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti wo fídíò orí WhatsApp, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ èyí tó burú. Lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Singapore Airlines kan tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù kó sínú ìgbì afẹ́fẹ́ líle lókè Myanmar. Èèyàn kan kú, ọ̀pọ̀ fara pa, wọ́n sì lọ balẹ̀ sí Bangkok. Ariwo tó gba ayé kan ni pé ó já wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ohun tí ẹ̀rọ inú bàálù gbà sílẹ̀, ìjábọ́ òjijì náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 178 lọ, bíi mítà 54. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹn, awakọ̀ ló fara balẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó wà nínú etí wa tó ń sọ òkè àti ìsàlẹ̀ fún wa kò mọ ìwọ̀n. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan yí padà lójijì ni. Torí náà, tí ara yín bá ní “a ti já”, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Bàálù yẹn kò fọ́. Boeing 777 ni. Nígbà tí wọ́n ń dán irú rẹ̀ wò lọ́dún 1995, wọ́n fi ẹ̀rọ fa apá rẹ̀ sókè, kò sì ṣẹ́ títí agbára tó ń fà á fi kọjá ìlọ́po kan àti ààbọ̀ èyí tó le jù tí wọ́n retí pé ó lè bá pàdé lókè. Àwọn tí kò de bẹ́líìtì ni irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé kúrò lórí ìjókòó. Ẹ dè é mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa iná tó ń sọ pé ká de bẹ́líìtì.

Tí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀, á máa ṣe yín bíi kí ẹ gbá ìjókòó mú gírígírí, kí ẹ sì sé èémí. Ẹ tú ọwọ́ ká, ẹ gbé e lé itan. Ẹ fi imú mí sínú, ẹ fi ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀, kí ìtújáde náà gùn ju ìfàsínú lọ. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ gbàdúrà, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, torí igbe ń gé èémí kúrú. Orin ìjọ tó fà gùn dára jù ú lọ. Ẹ tún gbé ike omi tó dé ààbọ̀ síwájú, kẹ́ ẹ máa wò ó: ara á ní bàálù ti dorí kodò, omi á kàn máa mì díẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà pé ẹ̀rù ń bà yín; wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ láti ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó ń bọ́ ẹ̀rù náà. Tí agbára bá ká a, ẹ wọ bàálù láàárọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ Lọ́ńdọ̀nù tó pé. Kí ọmọ yín yan ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù. Ìrù bàálù ló máa ń mì jù. Ẹ má retí pé ẹ̀rù kò ní bà yín rárá. Ó lè bà yín, kẹ́ ẹ sì débẹ̀.

Oògùn aládùúgbò yẹn, rárá. Ẹni tó sùn bí òkú kì í yí ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí iṣan ẹsẹ̀ níbi ìjókòó gígùn. A ò tún mọ bó ṣe máa bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ṣe. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni kẹ́ ẹ bi, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Oògùn tó bá sì kọ fún yín, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ẹ má kó o mọ́ èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tó ń lọ sábẹ́ bàálù.