Kálísíọ̀mù Inú Ẹ̀jẹ̀ Pé, Egungun Ń Fúyẹ́: Ta Ló Ń Yá Ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 58 ni mí. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 9.2 mg/dL, dókítà ní ó dára. Àmọ́ àyẹ̀wò egungun, DXA, fi hàn pé òṣùwọ̀n líle egungun ìbàdí mi (T-score) ti wà ní −2.6, pé ó ti di ẹlẹgẹ́. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Méjèèjì ni kí ẹ gbà gbọ́, ìyá wa. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò wo egungun rárá, ẹ̀jẹ̀ ló wò. Nínú gbogbo kálísíọ̀mù ara wa, nǹkan bíi 99 nínú 100 ló wà nínú egungun àti eyín. Ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn àti iṣan ń lò, ara kì í sì í fi ìyẹn ṣeré.

Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni CaSR, purotéènì kan tó dúró lára sẹ́ẹ̀lì bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ tú àṣírí rẹ̀, láti inú ẹṣẹ́ páratáírọ́ìdì màlúù (ẹṣẹ́ ni ẹ̀yà ara tó ń tú họ́mónù jáde). Ó wà nínú kíndìnrín àti ìfun, ó wà nínú egungun pàápàá, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ ti hàn jù ni ẹṣẹ́ mẹ́rin kéékèèké, páratáírọ́ìdì, tó wà lẹ́yìn táírọ́ìdì lọ́rùn. Bí kálísíọ̀mù bá pọ̀, á lẹ̀ mọ́ CaSR, ẹṣẹ́ náà á dákẹ́. Bó bá dín díẹ̀, kíá ni ẹṣẹ́ yẹn á da họ́mónù PTH sínú ẹ̀jẹ̀. PTH á ní kí kíndìnrín má da kálísíọ̀mù nù sínú ìtọ̀, kó sì sọ fítámìn D di èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí ìfun lè gba kálísíọ̀mù oúnjẹ sára. Ó tún ń yá kálísíọ̀mù lára egungun. Báyìí ni 9.2 ṣe ń pé nígbà tí egungun ń san gbèsè.

Lóòótọ́, dídáwọ́dúró nǹkan oṣù nìkan tó láti sọ egungun di ẹlẹgẹ́ ní ọjọ́ orí yín. Síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo PTH, fítámìn D, albúmìn (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀), magnẹ́síọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín yín. Bí PTH bá ga tí kálísíọ̀mù sì pé, fítámìn D tó wà lábẹ́ 20 ng/mL tàbí àìlera kíndìnrín ló sábà máa ń fà á. Bí magnẹ́síọ̀mù bá lọ sílẹ̀ gan-an, ẹṣẹ́ yẹn kò ní lè tú PTH jáde dáadáa. Kálísíọ̀mù tí ẹ bá ń gbé mì kò ní dúró títí wọ́n á fi tún magnẹ́síọ̀mù ṣe.

1200 mg lóòjọ́ ló yẹ yín, oúnjẹ àti oògùn lápapọ̀. Ẹ má ṣe lo ju 500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Oògùn kálísíọ̀mù kabọ́nétì 1250 mg, 500 mg péré ni kálísíọ̀mù inú rẹ̀. Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ẹ bá ń lo oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù, ẹ bi dókítà nípa kálísíọ̀mù sítírétì.

Ìbéèrè: Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 10.9 mg/dL, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, PTH mi ò sì lọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn. Bàbá mi náà ní irú rẹ̀, kò sì ṣàìsàn kankan. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ bàbá yín yẹn ṣe kókó. Àwọn ìdílé kan wà tí CaSR wọn kò mọ kálísíọ̀mù lára tó. Ẹṣẹ́ á máa rò pé kò tó, kíndìnrín náà á sì máa dì í mú. Èyí kì í sábà ṣe egungun ní jàǹbá, iṣẹ́ abẹ kì í sì í wò ó.

Ìtọ̀ wákàtí 24 ló ń yà á sọ́tọ̀. Ẹ da ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ nù, kí ẹ wá gba gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, títí kan ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n á fi kálísíọ̀mù àti kíríátínìnì (ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín ń dà nù) inú rẹ̀ wé ti inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìṣirò náà bá wà lábẹ́ 0.01, ti ìdílé ló jọ. Bó bá ju 0.02 lọ, ẹṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó wú. Bó bá bọ́ sáàárín, àyẹ̀wò àbùdá ló kù. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú hydrochlorothiazide, tàbí lithium, torí wọ́n ń yí èsì padà. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín.